Táìsì Ti Bẹ́, Gbèsè Ò Tíì Tán

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti àwọn tí kì í wá sí ìpàdé, kì í sì í ṣe ti èlé orí owó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú táìsì tí oníkálùkù lẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀? Ó kàn wá gan-an ni. Owó ẹgbẹ́ ló wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò yá owó láti fi parí ilé. Ẹni méjì yóò dúró fún un. A ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, oṣù méjìdínlógún tàbí ọdún méjì gbáko. Òrùlé ti wà lórí, fèrèsé ti wọlé, táìsì ló kù. Ó gba ọjà lọ, ó ra èyí tó ń dán bíi dígí, ó ná owó tán sórí rẹ̀, ó wá ku owó táṣẹ́rẹ́ tí yóò fi san iṣẹ́. Ẹni tó gba owó táṣẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ táṣẹ́rẹ́. Kò pé oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ àga wọ inú táìsì lọ. Kò pé ọdún kan, àárín pálọ̀ wú sókè bí ẹni pé wọ́n sin nǹkan síbẹ̀. Gbèsè ò tíì dé ìdajì. Ẹni náà á tún padà wá bá ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ yá òmíràn, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ á sì máa wo ojú ara wọn.

Mo ti rí irú èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, kì í ṣe táìsì ló burú, kì í sì í ṣe oníṣẹ́ nìkan ló jẹ̀bi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni tó ń ta ọjà là ń bi léèrè ohun tó yẹ ká rà, ẹni tó ń wá iṣẹ́ là ń bi léèrè bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí. Ẹni tí kò ní jẹ èrè kankan lórí rẹ̀, a kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé yóò gba owó ìmọ̀ràn.

Àwa tí à ń tajà, ṣé a ò mọ ara wa ni? Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní, "Ìyá, èwo ló dára jù níbí?", ṣebí èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá la ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kì í ṣe èké, ọjà ni. Ẹni tó ń ta táìsì ní Odúnadé ní Òrílé l'Ékòó, ọjà lòun náà ń tà. Ó lè sọ fún yín pé táìsì yìí lágbára, kó sì jẹ́ òótọ́. Kò ní bi yín bóyá ìyá yín tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni yóò máa fi ẹsẹ̀ tútù rìn lórí rẹ̀ ní balùwẹ̀. Àwọn tó ń ta táìsì nínú ẹgbẹ́ wa kò ní bínú sí mi, wọ́n mọ̀ pé mo ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá mú oníbàárà lọ. Èyí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba kọ́míṣọ̀n lórí ọjà, ẹ má fi í ṣe adájọ́ ọjà náà.

Nígbà kan, ọ̀rọ̀ ò le tó báyìí. Àwọn tó kọ́lé ní nǹkan bí 1970 sí 1985 á rántí pé símẹ́ǹtì dídán ló pọ̀ jù nílé wa, wọ́n á po àwọ̀ pupa mọ́ ọn, a ó sì máa fi àbẹ́là nù ún títí á fi máa kọ mọ̀nà. Olówó ló ń ṣe tẹràsò. Bíríkìlà tó rẹ́ ilé náà ló ń dán ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá là, ẹnìkan ṣoṣo lẹ ó mú. Táìsì ti yí ìyẹn padà. Bíríkìlà tẹ́ ilẹ̀, púlọ́ńbà ri páìpù, ẹnìkan ta táìsì, ẹlòmíràn lẹ̀ ẹ́. Ó di ẹni mẹ́rin. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kálukú á máa nawọ́ sí ẹnìkejì, onílé á dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Nítorí náà la ṣe nílò ojú karùn-ún, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Kí ni ojú karùn-ún yìí yóò rí tí àwa ò rí? Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan, èyí tí mo gbà pé ó ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù. Oríṣi táìsì méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ń mu omi, sérámíìkì tí a sábà ń lẹ̀ mọ́ ògiri nìyẹn. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní pọ́síléènì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò ni pé bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ 100 kílò, omi tí yóò fà mu kò gbọdọ̀ ju ìdajì kílò lọ. Kò sóhun tó le nínú àtimọ̀ wọ́n. Ẹ da ojú táìsì délẹ̀, kí ẹ kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá fà á mu kíákíá, ti àkọ́kọ́ ni. Bí omi bá dúró gbirigbiri bí ìrì orí ewé kókò, ìkejì ni.

Èyí tó ń mu omi, bí a óò bá fi símẹ́ǹtì lásán lẹ̀ ẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, kí a sì jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fa omi inú símẹ́ǹtì mu, símẹ́ǹtì tí omi rẹ̀ bá sì tán kó tó le, ìyẹ̀fun ló máa dà. Ti ìkejì yàtọ̀. Símẹ́ǹtì lásán ò rí ibi wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Símẹ́ǹtì alẹ̀mọ́ tí wọ́n ń tà nínú àpò fún iṣẹ́ táìsì gan-an ló lè dì í mú. Ó wọ́n ju símẹ́ǹtì lásán lọ, ìdí sì nìyẹn tí oníṣẹ́ kì í fi í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí à ń ná owó. Ẹ̀rù ń bà á pé a ó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Àwa náà la fà á. Ẹni tó ra táìsì olówó ńlá tán, tó wá ń sọ pé "Ẹ fi símẹ́ǹtì lásán ṣe é jàre, ilé mi kì í ṣe ilé gómìnà", kí ni ká ti wí?

Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tó di ilẹ̀ mú ló ṣe pàtàkì ju ojú rẹ̀ lọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó dé, wọ́n fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Wọn ò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ bí ẹní. Wọ́n nà án ró ni, etí rẹ̀ ló wà lókè, wọ́n sì rì wọ́n mọ́ ara wọn nínú ilẹ̀. A ṣì ń rí i níbi tí wọ́n bá ti hú u jáde lónìí.

Ẹ padà wá sí pálọ̀ tiwa. Oníṣẹ́ tó ń kánjú á bu símẹ́ǹtì ṣòkìtì márùn-ún sẹ́yìn táìsì, igun mẹ́rin àti àárín, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lójú, ó tẹ́ rẹrẹ. Lábẹ́, ihò ló wà láàárín òkìtì kan sí èkejì. Ẹ mú owó onírin tàbí èèkù ọ̀bẹ kí ẹ fi kàn án jẹ́jẹ́. Ibi tó kún, ohùn rẹ̀ á le. Ibi tó ṣófo á dún bí ìlù. Orí ibi tó ń dún bí ìlù yìí náà ni ẹ ó gbé fìríìjì lé.

Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù ni táìsì tó ń bẹ́ lóru. Mo gbọ́ ti ìyá kan tó sá jáde ní aago méjì òru, tó ránṣẹ́ pe àwọn aládùúrà, wọ́n sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N ò ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ o. Ṣùgbọ́n táìsì máa ń fẹ̀ nínú ooru, ó sì máa ń sún kì nínú òtútù, ilẹ̀ símẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ náà kì í dúró lójú kan. Bí wọ́n bá ti fún wọn mọ́ra láti ògiri dé ògiri, tí kò sí àlàfo láàárín wọn, tí kò sí ní etí ògiri, wọ́n á máa ti ara wọn. Ibi tí kò lẹ̀ dáadáa ló máa kọ́kọ́ dìde. Àlàfo kékeré tó yẹ kó wà ní etí ògiri, táìsì ìdí ògiri á bò ó, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi í sílẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé àlàfo náà ló ń ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ti balùwẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má ra èyí tó ń dán fún ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ ki. Àgbàlagbà tó bá fi ìbàdí lulẹ̀, ẹ mọ iye tí ilé ìwòsàn ń gbà. Kí púlọ́ńbà ti ṣí omi sínú gbogbo páìpù, kí a sì rí i pé kò jò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni lẹ táìsì kan lé e. Kí wọ́n da gáàrù omi kan sílẹ̀ kí a wo ibi tó ń ṣàn sí. Bí kò bá ṣàn lọ sí ojú ihò rẹ̀ nísinsìnyí, táìsì ò ní kọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá sì jẹ́ tuntun, ọjọ́ 28 ni kí ẹ fún un ó kéré tán kó tó le dáadáa. Àwọn tó fẹ́ ṣílé ní ọ̀sẹ̀ Kérésì tàbí ọ̀sẹ̀ Iléyá ló ń já ọjọ́ yìí jù, nítorí pé wọ́n ti tẹ káàdì.

Ta wá ni kí a pè? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ dáadáa, tí kò bá yín ta táìsì, tí kò sì ní bá yín lẹ̀ ẹ́: ẹnjiníà, tàbí ògbólógbòó fọ́mànù tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ san owó ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì fún un. Àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ó wo ilẹ̀ yín, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó kọ ohun tí ẹ ó rà sílẹ̀. Ìkejì, kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún oníṣẹ́, kí ó kàn án yíká.

Wíwọ̀n ilẹ̀ yìí nìkan lè dá owó rẹ̀ padà. Pálọ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́rin ní ìbú, mítà márùn-ún ní òró, mítà onígun mẹ́rin 20 ni. Páálí táìsì 60 sí 60 tó ní ẹyọ mẹ́rin nínú, 1.44 ló ń bò. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá kún un nítorí gígé àti fífọ́, páálí 16 tó. Mo mọ ẹni tí wọ́n ní kó ra 22 fún irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo sì mọ ẹni tó ra 13, tó padà sí ọjà lẹ́yìn oṣù kan, tó bá orúkọ kan náà lára páálí, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀, nítorí pé nọ́ńbà ìṣe rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn lára gbogbo páálí kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ti oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ kiri ni pé "Ará Kútọnu ni kí ẹ mú, àwọn ọmọ tiwa ò mọ̀ ọ́n." Lóòótọ́, àwọn tó wá láti Benin àti Tógò tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ wọn ló fi sùúrù kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Mo ti rí ará Kútọnu tó ba ilẹ̀ jẹ́, mo sì ti rí ọmọ Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá láìmì. Ìwé Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà, ẹ lè béèrè rẹ̀, kò burú. Èyí tó dájú jù lójú tèmi ni kí ẹ ní kí ó mú yín lọ sí ilé tó ṣe ní ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ má gba èyí tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ilẹ̀ ló ń dán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bi onílé náà bóyá ó ń jẹ́ ìpè nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ sì bi oníṣẹ́ bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é, tàbí òun wá ná owó ni, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ olóṣù mẹ́ta tó wá ṣe é.

Kí ẹ tó gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí ìwé ìdajì. Iye tó ń gbà lórí mítà kan, ta ni yóò ra símẹ́ǹtì, ṣé táìsì ìdí ògiri wà nínú owó náà tàbí ó yàtọ̀, ta ni yóò kó pàǹtí. Ìjà tó pọ̀ jù tí wọ́n ń gbé wá síwájú àwa àgbà ẹgbẹ́, lórí ìdí ògiri yìí ni.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn oníṣẹ́ díẹ̀. À ń nájà ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ní iṣẹ́ òun jẹ́ 100 náírà, tí a bá a já a sí 50, kò ní lọ jalè kó fi parí rẹ̀. Inú ilẹ̀ wa ni yóò ti yọ ọ́: símẹ́ǹtì á dín, yanrìn á pọ̀, ìgbálẹ̀ ò ní dé abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà á di ọjọ́ mẹ́ta. Àwa oníṣòwò ló yẹ kó mọ èyí jù, nítorí bẹ́ẹ̀ là ń ṣe fún oníbàárà tó bá ná wa jù. Nítorí náà, ẹ ṣe ìṣirò yín láti ẹ̀yìn wá. Bí 1,000,000 náírà lẹ ní fún ilẹ̀, ẹ yọ owó iṣẹ́, owó símẹ́ǹtì alẹ̀mọ́ àti owó ìmọ̀ràn sápá kan kí ẹ tó wọ mọ́tò ọjà. Iye tó bá kù ni owó táìsì. Bí kò bá tó ra èyí tó ń dán bíi dígí, ẹ ra èyí tí kò dán.

Àwọn kan á ní, "Alàgbà, ẹ̀yin ló rí owó ìmọ̀ràn san, àwa ò rí i." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó ìwọlé ẹnjiníà fún ilé kan ṣoṣo lè wúwo. Ṣùgbọ́n kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà fún? Láti 1935 tí òfin ẹgbẹ́ wa ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, ohun tí apá ẹnìkan ò ká là ń kó owó jọ ṣe. À ń ra ìrẹsì àti òróró pọ̀ nígbà ọdún. Kí ló dé tí a ò lè ra ìmọ̀ràn pọ̀? Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ bá ń kọ́lé ní àgbègbè kan náà, ẹnjiníà kan lè yí ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká láàárín ọjọ́ kan, kí owó rẹ̀ pín sọ́nà mẹ́jọ. Símẹ́ǹtì alẹ̀mọ́ náà, bí a bá rà á ní ogójì àpò, iye tí wọ́n á dá lé e kò ní jẹ́ ti ẹni tó ra mẹ́ta.

Nítorí náà mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé ohun mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Kí a má fọwọ́ sí owó ilé kíkọ́ láìsí ìṣirò tí owó iṣẹ́ hàn gbangba nínú rẹ̀. Kí a má san owó náà lẹ́ẹ̀kan, kí apá tó jẹ́ ti owó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ akápò títí dìgbà tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, kí ìdá kan nínú rẹ̀ sì dúró fún oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, pẹ̀lú ìmọ̀ oníṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ èyí, wọ́n á ní owó àwọn ni, kí ẹgbẹ́ má ṣe àwọn bí ọmọdé. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ wọn ná.

Ìkẹta ló rọrùn jù. Kí ìwé kan wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé, tí ọmọ ẹgbẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti pé ọdún kan yóò kọ orúkọ oníṣẹ́ rẹ̀ sí, irú táìsì tó lẹ̀, ohun tó fi lẹ̀ ẹ́, àti iye tó ń dún bí ìlù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú oníṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ wá ka ìwé náà. Ìwé olójú-ewé ọgọ́rin tó, akọ̀wé lè rà á lọ́jà lọ́la, èmi yóò sì kọ ti ilé tèmi sí ojú ewé àkọ́kọ́.